Táǹkì omi òkun kékeré nínú ilé ní Èkó: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Adéẹja

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Súrùlérè ni mo ń gbé, ilé ìsàlẹ̀, pálọ̀ kan àti yàrá kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sin ẹja omi odò, gọ́pì àti goldfish, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń wù mí báyìí ni táǹkì omi òkun kékeré: iyùn tó wà láàyè, tó ń fì nínú omi, clownfish méjì, àti edé pupa kan lára àwọn tó máa ń fọ ara ẹja.

Mi ò fẹ́ ra èyí tí wọ́n ti kọ́ tán. Owó rẹ̀ ò ṣeé gbọ́, kò sì sí èyí tó bá àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri mi mu. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gé gíláàsì ní Orílé, ó ní òun á bá mi gé e: gígùn 60 sẹ̀ǹtímítà, ìbú 40, gíga 35.

Ìbéèrè mi rèé, ẹ má bínú tó bá pọ̀. Ṣé gíláàsì mílímítà 6 tó, àbí kí n lo 8? Ṣé mo lè máa pọn omi ní etíkun Elégùṣì dípò iyọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun? Ẹnì kan ní òkúta ẹfun Ewékorò ò yàtọ̀ sí òkúta inú òkun, ṣé òótọ́ ni? Èyí tó kù ni ti iná. Ẹ mọ bí NEPA ṣe ń ṣe ládùúgbò wa. Ìnfátà kékeré kan wà nílé, bátìrì kan ṣoṣo. Àwọn kan ti sọ fún mi pé kò lè ṣeé ṣe ní Èkó, kí n kúkú ra tẹlifíṣọ̀n ńlá kí n máa wo òkun nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn, kì í ṣe ẹni tó wò ó nínú fídíò.

Ọmọ Ayétòrò

Ti omi nìkan ni màá sọ, torí etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Omi Elégùṣì kọ́ ni omi tí iyùn ń fẹ́. Ọ̀sà Èkó ń tú sínú òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tarkwa Bay, gbogbo ohun tí ìlú dà sínú ọ̀sà sì ń bá a lọ. Tí òjò bá ti dé, iyọ̀ etíkun á lọ sílẹ̀, omi á sì ru. Kì í ṣe Èkó nìkan o. Odò Ọya àti àwọn odò ńlá mìíràn ni wọ́n ń da omi àti ẹrẹ̀ sí òkun wa yìí, ìdí kan nìyẹn tí kò fi sí irú òkìtì iyùn tó wà ní Òkun Pupa láti Àgbádárìgì títí dé Calabar. Ẹ dé São Tomé àti Príncipe kí ẹ tó rí iyùn tó nítumọ̀, torí omi ibẹ̀ mọ́.

Tó bá jẹ́ dandan ni kí ẹ pọn ọn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ bá apẹja wọkọ̀ kúrò níbi tí omi ṣì ń ru. Ẹ fi refractometer wọn iyọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé kẹ́ẹ̀gì sínú ọkọ̀. Tí kò bá tó 33 nínú ẹgbẹ̀rún, ẹ dà á padà sókun. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí tó bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wọn iyọ̀ òkun kó tó pọn ọn.

Àǹtí Ìnfátà

Àbúrò, ó ṣeé ṣe ní Èkó. Tèmi wà ní Ìkòròdú, ìwọ̀n rẹ̀ ò jìnnà sí èyí tí o ń sọ. Iṣẹ́ sólà àti ìnfátà ni mo fi ń jẹun, n kì í ta ẹja, nítorí náà kò sí ohun tí mo fẹ́ tà fún ẹ níbí.

Ìbéèrè iná tí o fi sẹ́yìn yẹn ló yẹ kó ṣáájú. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tí táǹkì omi òkun rẹ̀ bàjẹ́ ní ìlú yìí, ẹja àti iyùn ni wọ́n kọ́kọ́ rà, ìgbà tí iná lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bí omi á ṣe mí. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi mímí. Tí omi bá ti lè máa yí, tí kò sì gbóná kọjá digírì 28 nígbà tí NEPA ò yọjú fún ọjọ́ kan ààbọ̀, ìyókù di ọ̀rọ̀ sùúrù àti owó.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Omi tó bá ti ń gbóná kì í lè gba ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra. Omi òkun tó wà ní 25 lè di nǹkan bíi mílígíráàmù 6.7 mú nínú lítà kan. Tó bá di 30, ó bọ́ sí 6.2. Ẹja ń fà á, edé ń fà á, bakitéríà inú òkúta náà ń fà á. Iyùn ní tirẹ̀ ní àwọn ewéko kéékèèké nínú ẹran ara tó ń bá a ṣe oúnjẹ àti ọ́síjìn lójú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun náà di ọ̀kan lára àwọn tó ń fà. Nítorí náà òru tí pọ́ǹpù dúró ni òru ewu. Àìsí ìmọ́lẹ̀ kì í tètè pa iyùn, ó lè wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan kó má kú. Omi tó dúró sójú kan ló ń pa á.

Má wá so pọ́ǹpù yẹn mọ́ ìnfátà. Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ iná kí o tó so ohunkóhun mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà nílé àwọn èèyàn ń jẹ wáàtì 15 sí 30 lásán. Pọ́ǹpù tí yóò yí omi lítà 70 lè má ju wáàtì 8 lọ. Ta ló ń kó ọlọ́pàá mẹ́ta dání lọ ra tòmáàtì? Wá pọ́ǹpù DC tó ń lo fólítì 12, wá fáànù inú kọ̀ǹpútà méjì tí wọ́n ń lo fólítì 12, o máa rí wọn ní Alábà. So wọ́n mọ́ bátìrì 100Ah tààrà, kí fíùsì wà láàárín, kí ṣájà sì máa rọ bátìrì náà nígbà tí NEPA bá mú iná wá. Bátìrì tí wọ́n ń rọ lọ́wọ́ máa ń gòkè ju fólítì 14 lọ, èyí á sì jó pọ́ǹpù kéékèèké, torí náà fi converter kékeré tó ń di fólítì mú sí 12 sáàárín. Bátìrì 100Ah jẹ́ watt-hour 1,200. Tó bá jẹ́ ti ásíìdì, má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù wáàtì 8, fáànù méjì wáàtì 3, 3: àpapọ̀ 14. 600 pín sí 14 á fún ẹ ní wákàtí tó lé ní 40. Iná LED tó wà lókè táǹkì, tó bá fẹ́ kú, jẹ́ kó kú.

Má gbé bátìrì sábẹ́ táǹkì. Omi iyọ̀ á kán sí i lórí, á sì jẹ ẹ́. Jẹ́ kí wáyà kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tẹ̀lé wáyà lè kán síbi tó rọ̀ sí. Má sì jẹ́ kí bàbà inú wáyà kan omi rárá. Ẹja lè fara da bàbà díẹ̀, edé àti iyùn ò lè fara dà á.

Fáànù yẹn, ojú omi ni kí o kọ ọ́ sí. Bó ṣe ń fẹ́, omi á máa fò lọ, ìyẹn ló ń mú kó tutù. Ó lè gé digírì 2 sí 3 kúrò. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, wàá gbádùn rẹ̀. Oṣù March ni kó o ṣọ́ra fún, nígbà tí oòrùn mú tí afẹ́fẹ́ sì tún rin. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé 28, mi ò sọ 25. Àwọn ará òkè òkun á máa kọ 25 fún ẹ, ẹ̀rọ amúlétutù àti ṣillà (ẹ̀rọ tó ń mú omi táǹkì tutù) ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Kí omi dúró sí 27 tàbí 28 lójoojúmọ́ sàn ju kó máa fò láti 25 sí 30 lọ. Ẹni tó bá sì sọ fún ẹ pé ilẹ̀ gbígbóná ò gba iyùn, sọ fún un pé Jakarta ni Lee Chin Eng wà tó fi kọ ọ́ jáde ní 1961 pé òkúta láti inú òkun, omi òkun àti afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú omi ti tó láti sin iyùn nínú gíláàsì. Ṣé Jakarta ò gbóná bí Èkó ni?

Ṣùgbọ́n omi tó ń fò yẹn kì í gbé iyọ̀ lọ. Tí lítà 2 bá ti lọ nínú 70, iyọ̀ tó wà ní 35 ti di 36. Omi lásán, tí kò níyọ̀, ni wàá fi máa dí i lójoojúmọ́. Irú flóòtì kékeré tó wà nínú ohun ìmumi adìyẹ ni mo lò, òun ló ń ṣí tó ń tì fúnra rẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì tó ga jù táǹkì lọ. Kò lo iná rárá.

Omi wo ni wàá lò? Omi kànga ẹ̀rọ Súrùlérè, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ra TDS meter, ohun tó ń wọn ìwọ̀n ohun tó yọ́ sínú omi, kò wọ́n. Omi tó bá ka 0 tàbí ó sún mọ́ ọn ló dára. Pure water máa ń yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́: òmíràn gba inú RO (ẹ̀rọ tó ń yọ ohun tó yọ́ sínú omi kúrò), òmíràn wulẹ̀ gba inú àsẹ́ lásán, nọ́ńbà tí o máa rí á yà ọ́ lẹ́nu. Ra ẹyọ kan kan, wọ̀n ọ́n, kó o tó gbé odindi báàgì. Nígbà tó bá yá, ra RO/DI tìrẹ, ìyẹn RO tó tún ní àsẹ́ tó ń yọ ìyókù kúrò.

Gíláàsì: 8. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí 6. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ gé ìsàlẹ̀ ní mílímítà 600 sí 400, iwájú àti ẹ̀yìn ní 600 sí 342, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní 382 sí 342. Mo ti yọ àyè sílíkóònù kúrò nínú rẹ̀. Kó gé àwọn mẹ́rin tó ń dúró ní ìtò kan náà kí gíga wọn má yàtọ̀. Sílíkóònù tó ń rùn bí fíníkà ni kó o lò, tí wọn ò fi oògùn tó ń dènà èébu sí. Ti balùwẹ̀ á pa ẹja. Fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó gan, kó o tó bu omi sí i, níta. Gíláàsì á wọn bíi kìlógíráàmù 18, omi 70 lé díẹ̀, òkúta 8. Ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún, torí náà kì í ṣe orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n. Tí wẹ́dà bá ṣe irin fún ẹ, kun ún ní epoxy kí iyọ̀ má bàa jẹ ẹ́, kó o fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín irin àti gíláàsì.

Òkúta Ewékorò, òótọ́ ni pé ẹfun ni. Ṣùgbọ́n ó le gbagidi, ihò inú rẹ̀ ò tó, inú ihò sì ni bakitéríà ń gbé. Ẹrẹ̀ tún máa ń wà láàárín rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n kan mọ́ oyster shell tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ oúnjẹ adìyẹ, ìwọ̀n mẹ́rin, mo da iyọ̀ oníhóró ìwọ̀n méjì sí i. Mo gbẹ́ ihò sínú yanrìn tútù, mo da á síbẹ̀. Tó bá ti gan tí o rì í sómi, iyọ̀ á yọ́ jáde, ihò á ṣẹ́ kù. Sìmẹ́ǹtì tuntun ń gbé pH omi sókè gan-an, torí náà pààrọ̀ omi rẹ̀ léraléra títí pH á fi wà lábẹ́ 8.5. Ó lè gba oṣù méjì. Màmá mi rò pé mo ń ṣe bíríkì.

Bọ̀dá Thamesmead

Àǹtí ti sọ èyí tó pọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, òdìkejì ni: hítà là ń rà, omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù sì kún fún ẹfun débi pé kẹ́tùlù ń funfun nínú, kò sẹ́ni tó ń sin iyùn níbí tí kò ní RO/DI. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ohun ẹlẹ́mìí kún un.

Àbúrò, tí o bá ti da iyọ̀ sí omi (gíráàmù 36 sí lítà kan á gbé ọ dé ibi 35, ìyẹn 1.026 lórí refractometer), má fi ẹja síbẹ̀ o. Òkúta tí Àǹtí sọ yẹn kò tíì ní ẹ̀mí. Fi amóníà díẹ̀ sí i, ra bakitéríà inú ìgò tàbí kó o tọrọ òkúta kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ti ní táǹkì. Bakitéríà kan á sọ amóníà di nítráìtì, òmíràn á sọ nítráìtì di nàítrẹ́ètì. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Ìgbà tí amóníà àti nítráìtì bá jẹ́ 0, tí nàítrẹ́ètì sì ti ń yọjú, ni o lè ronú ìgbín òkun méjì tàbí mẹ́ta láti jẹ ewédò tó máa hù lórí gíláàsì. Á hù dandan. Á kọ́kọ́ dà bí ìdọ̀tí aláwọ̀ ilẹ̀, fi í sílẹ̀, ó máa lọ.

Iyùn alára rírọ̀ ni kó o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú: mushroom, green star polyps, zoanthid. Wọ́n lè fara da 28, wọn ò sì ń bèèrè ẹfun ojoojúmọ́ lọ́wọ́ ẹ. Gbé green star polyps sórí òkúta tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ó máa ń rá bo gbogbo nǹkan. Acropora, iyùn elégungun òkúta tó máa ń rẹwà nínú fídíò, gbàgbé ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Iyùn tó ń kọ́ egungun òkúta wà nínú Appendix II ti CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu), ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e kọjá ẹnubodè; mo ti rí i tí wọ́n gba ti ẹnì kan ní pápákọ̀ òfurufú.

Nípa zoanthid, ẹ gbọ́ o. Májèlé palytoxin wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì lágbára gan-an. Má fi ọwọ́ ìhòòhò gé e, má fọwọ́ kan ojú lẹ́yìn rẹ̀. Má sì se òkúta tó wà lára rẹ̀ lórí iná láé, kódà láti fọ̀ ọ́. Ooru tó ń jáde lára rẹ̀ ti gbé odindi ìdílé lọ sí ọsibítù ní ìlú òyìnbó.

Clownfish méjì tó láti jẹ́ gbogbo ẹja inú lítà 70. Ra àwọn tí wọ́n bí nínú táǹkì, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó ní òkun, wọ́n mọ oúnjẹ gbígbẹ jẹ. Ra ńlá kan àti kékeré kan. Akọ ni wọ́n bí gbogbo wọn, èyí tó bá jẹ gàba ló ń di abo. Pààrọ̀ lítà 7 lọ́sẹ̀, iyọ̀ gíráàmù 250, ohun tí iyùn rírọ̀ nílò ti wà nínú rẹ̀. Kò sí ìdí láti máa kán oògùn sómi.

Ibi tí n kò ti bá Àǹtí sọ kan náà ni ti 28. Èmi á ra ṣillà, kí n tọ́jú owó ẹja.

Adéẹja

Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ẹ ṣé, Bọ̀dá. Ọmọ Ayétòrò, mo ti fi Elégùṣì sílẹ̀, mo máa ra iyọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ nípa ṣillà yìí, torí ẹnì kan ní èyí tí wọ́n ti lò rí tó fẹ́ tà fún mi. Àti pé kí ni kí n fi owó oṣù yìí rà ná? Kò pọ̀.

Àǹtí Ìnfátà

Bọ̀dá wa ń sọ ti ibi tí iná kì í lọ. Ọ̀pọ̀ ṣillà, kódà àwọn kékeré, ń jẹ tó wáàtì 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bátìrì yẹn á kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ooru tó yọ kúrò nínú omi, inú pálọ̀ rẹ ló sì ń tú u sí, nínú yàrá kékeré wàá máa tún un gbà padà. Fi ṣillà tí wọ́n ti lò yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Oṣù yìí: gíláàsì, sílíkóònù, pọ́ǹpù DC, fáànù méjì, tẹmómítà. Po òkúta rẹ náà, torí yóò pẹ́. Má tíì ra iyọ̀. Tí táǹkì bá ti gan, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tó máa wà gan-an, fi omi ẹ̀rọ lásán kún un, tan pọ́ǹpù àti fáànù. Tó bá di Sátidé, yọ ṣájà kúrò lára iná bí ẹni pé NEPA ti mú un lọ, má dá a padà títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Ka tẹmómítà ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́, kó o kọ bí bátìrì ṣe kù sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò lo ṣe é, fi digírì méjì kún ohun tí o rí, torí March ń bọ̀. Tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá kọjá 28, wá ògiri mìíràn, èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í lù lẹ́yìn. Kọ àwọn nọ́ńbà náà síbí kí o tó ra ohunkóhun mìíràn.